Berlin lórí kẹ̀kẹ́: ṣé kí n gba amọ̀nà, àbí fóònù mi ti tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ń lọ Berlin lóṣù kẹfà, ọjọ́ méjì péré ni màá lò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má fẹsẹ̀ rìn ín, pé ìlú náà fẹ̀ jù, kí n háyà kẹ̀kẹ́, kí n sì gba amọ̀nà ọmọ ìlú tí yóò mú mi yí àwọn ibi ìtàn ká. Ìyàwó mi ní owó ìranù nìyẹn, pé kí ni fóònù ọwọ́ mi wà fún? Ó ti tó ọdún 15 tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ má kàn sọ pé "èyí tó bá wù ẹ́" o, ẹ là á mọ́lẹ̀ fún mi.

*

Gba amọ̀nà lọ́jọ́ kìíní, kí o fi fóònù rìn lọ́jọ́ kejì. Mo ti là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì lọ sanwó, nítorí amọ̀nà ju amọ̀nà lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi kẹ̀kẹ́ yí Berlin ká. Lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ̀ lé amọ̀nà kan tó fowó mi ṣòfò. Lẹ́ẹ̀kan, èmi àti fóònù mi ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ lé obìnrin kan tí mi ò lè gbàgbé. Torí náà, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́ nípa ìlú náà. Ó fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Láti Ẹnubodè Brandenburg dé East Side Gallery, níbi tí àwòrán wà lára ohun tó kù nínú Ògiri Berlin, odi tí ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì mọ kí àwọn aráàlú rẹ̀ má bàa sá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, lẹ́bàá odò Spree, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 5. Bí o bá fẹsẹ̀ rìn ín, tí o ń dúró wo èyí, tí o ń dúró wo tọ̀hún, ọ̀sán á ti pọ́n kí o tó débẹ̀, ẹsẹ̀ á sì ti máa wú nínú bàtà. Kẹ̀kẹ́ á gbé ọ débẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí láìsáré. Òkè gidi kan ò sí níwájú rẹ.

*

Kí n tó padà sórí amọ̀nà, ọdún 15 tí o dá yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn kò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, ara kì í gbàgbé. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ wọn yàtọ̀ sí èyí tí ara tìrẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń háyà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Bí o bá ti tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi. Báwo la ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà tá a wà lọ́mọdé? Ṣebí tá a bá fẹ́ dúró, a máa ń yí pẹ́dàlì sẹ́yìn kí ṣéènì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, a tiẹ̀ máa ń fi ṣe fáàrí. Mo dán irú ẹ̀ wò ní oríta kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo bá àyà mi, obìnrin tó wà lẹ́yìn mi sì tẹ aago rẹ̀ bí ẹni tí mo jẹ lówó.

Nítorí náà, bi ẹni tó fẹ́ háyà kẹ̀kẹ́ fún ọ pé bíréèkì ẹ̀ ńkọ́, ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀? Kí o sì ní kó bá ọ wọn ìjókòó rẹ̀. Tí o bá jókòó, tí ẹsẹ̀ rẹ sì wà lórí pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, orúnkún rẹ gbọ́dọ̀ ká díẹ̀, díẹ̀ ló yẹ kó ká. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń fi ìjókòó sílẹ̀ jù nítorí ẹ̀rù, orúnkún á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní agogo méjì ọ̀sán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o bá dé, gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Tempelhofer Feld. Pápákọ̀ òfurufú ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń já oúnjẹ àti èédú sí fún Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, apá ìlú tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ní 1948 sí 1949, nígbà tí Sófíẹ́tì dí gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ pa. Wọ́n ti í pa ní 2008, wọ́n ṣí i fún aráàlú ní 2010. Ní 2014, ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́lé sí etí rẹ̀, aráàlú sì dìbò pé rárá, ẹ fi sílẹ̀ gbayawu bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú ń sá lé ni ìwọ náà yóò máa sá lé. Kò sí mọ́tò, kò sí iná ojú pópó, bí o bá ṣubú, kò sí ẹni tí yóò fọn fèrè sí ọ létí. Lo wákàtí kan níbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, wàá mọ̀ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà ní wàhálà tirẹ̀.

*

Mo ti ka ohun tí àwọn yòókù kọ. Àwọn tó pọ̀ jù ní fóònù tó: máàpù wà nínú ẹ̀, ìtàn wà nínú ẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í béèrè owó ọwọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ ní amọ̀nà á kàn máa ka ohun tí wọ́n kọ síbi àmì fún ọ ni.

Mi ò gbà. Mo ti fi fóònù rìn ín, mo sì mọ ibi tó ti já mi kulẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti òfin. Bí o bá di fóònù mú lórí kẹ̀kẹ́ ní Jámánì tí ọlọ́pàá sì rí ọ, owó ìtanràn ẹ̀ yúrò 55 ni. Tí o bá fẹ́ lò ó, o gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí kí o fi etí kan gbọ́ ọ. Iná pupa ńkọ́? Yúrò 60 ló bẹ̀rẹ̀ sí, bó bá sì ti ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ tí iná ti pupa, ó di 100. Àlejò ni mí ò ràn án.

Èkejì ló ká mi lára jù. Ohun tó wà nílẹ̀ ni fóònù máa fi hàn ọ́. Berlin sì jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́. Bọ́ǹbù ti wó o, wọ́n ti mọ ọ́n lódi, wọ́n ti wó odi náà, wọ́n ti kọ́ ilé tuntun lé e. Ibi tí Hitler ti pa ara rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní 1945, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni lónìí, pátákó kan ṣoṣo tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 2006 ló ń sọ ohun tó jẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí mo dá rìn, mo ń wá ibi tí mo ti lè rí omi mu. Àlejò lójú, kò fi ríran.

*

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti amọ̀nà tó fowó mi ṣòfò, kí ẹ má bàa rò pé gbogbo wọn ni mò ń gbè lẹ́yìn.

Ọmọkùnrin kan ni, ó yára lẹ́nu, ó mọ̀ọ̀yàn pa lẹ́rìn-ín. A tó méjìlá lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú wa dé Checkpoint Charlie, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ ẹnu ibodè tó wà láàárín Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Berlin. Bí ìṣẹ́jú 25 la lò níbẹ̀ níwájú ahéré funfun kan tí gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò. Ahéré yẹn, àwòṣe ni. Ojúlówó ti kúrò níbẹ̀ láti 1990. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìrìn díẹ̀ péré síbẹ̀, ní Zimmerstraße, òpó kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún Peter Fechter, ọmọ ọdún 18 tí wọ́n yìnbọn fún ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1962 bó ṣe ń gun Ògiri. Ó wà nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń wò ó, kò sẹ́ni tó lọ gbé e. A gba ẹ̀gbẹ́ òpó náà kọjá. Kò tiẹ̀ dẹ ẹsẹ̀.

A wá dé Wilhelmstraße. Mo ti mọ nǹkan kan nípa òpópónà yẹn kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ń retí pé a ó dúró. A ò dúró. Mo sáré bá a níwájú, mo bi í pé ilé tí wọ́n ti ṣèpàdé lórí Áfíríkà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí nǹkan tí èèyàn lè wò níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí èèyàn lè wò. Ohun tí mo sanwó amọ̀nà fún gan-an nìyẹn.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: ní Jámánì, kò sí òfin tó ní kí amọ̀nà ìlú gba ìwé àṣẹ kó tó máa ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ̀kẹ́ àti ẹnu lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àwọn tó dáńgájíá wà, àwọn tó ka ìwé jinlẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ìjọba ti bá ọ yẹ ẹnikẹ́ni wò.

*

Ẹnìkan bi mí pé ilé wo ni, ìpàdé wo ni. Ẹ má bínú, mo rò pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 14 jókòó sílé Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, ní Wilhelmstraße 77. Ọjọ́ 26 oṣù kejì 1885 ni wọ́n tó dìde. Odò Congo àti odò Ọya wà lára ohun tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí: ta ló lè wakọ̀ níbẹ̀, ta ló lè ṣòwò, kí ni orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ ṣe kí àwọn yòókù tó gbà pé etíkun kan ti di tirẹ̀. Ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo ò sí lórí ìjókòó.

Obìnrin tó mú mi rìn nígbà kẹta dúró níbẹ̀. Ilé ìṣáájú ti lọ, nọ́ńbà òpópónà náà pàápàá ti yí padà, Wilhelmstraße 92 ni wọ́n ń pe ọ̀gangan ibẹ̀ báyìí. Ilé gbígbé alájà púpọ̀ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì ń kọ́ kó tó wọlẹ̀. Pátákó ìrántí kan wà níwájú ẹ̀. A dúró lórí kẹ̀kẹ́ wa, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí pẹ́dàlì. Ó bi mí pé kí ni mo gbọ́ nípa ìpàdé náà níléèwé. Mo ní wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n fi rúlà pín wa bí ẹran. Ó mi orí. Ó ní òfin bí wọn yóò ṣe máa pín in ni wọ́n ṣe níbí. Ìlà tó di ààlà gan-an, inú àdéhùn méjì-méjì tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti jáde lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní, "Ìpàdé yìí nìkan kọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan ni, ì bá rọrùn."

Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìyá àgbàlagbà kan jáde látinú ilé náà pẹ̀lú báàgì ọjà, ó kí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

*

"Kí ló kàn wá nínú ìbànújẹ́ òyìnbó? Fàájì ni ọkùnrin yìí fẹ́ lọ ṣe."

Mo rí èyí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ fa mí lẹ́sẹ̀ ni. Àmọ́ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀. Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Òpópónà kan wà láàárín ìlú tí orúkọ àtijọ́ rẹ̀ jẹ́ orúkọ èébú tí wọ́n fi ń pe èèyàn dúdú. Wọ́n ṣẹjọ́ lé e lórí títí. Ní 2025, ó di Anton-Wilhelm-Amo-Straße. Ta ni Amo? Ọmọ ilẹ̀ tó di Gánà lónìí ni, wọ́n gbé e dé Jámánì ní kékeré, ó kàwé títí ó fi di olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní yunifásítì Halle àti Jena, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ìwọ gun kẹ̀kẹ́ gba òpópónà yẹn kọjá, kí o wá sọ fún mi pé kò kàn ọ́.

Ní Humboldt Forum, lórí erékùṣù àwọn mùsíọ́mù, ère idẹ Benin wà níbẹ̀, lára èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Ní 2022, wọ́n buwọ́ lùwé pé ohun 512 ti di ti Nàìjíríà padà, ìdá kan nínú mẹ́ta ló sì kù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àyálò. So kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó kí o tó wọlé, so férémù àti táyà pọ̀, má ṣe so táyà nìkan. Mo ti rí táyà kan tó dá dúró lára òpó bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó kù ti bá ẹlòmíì lọ.

*

Padà sórí ọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti mọ̀ pé owó obìnrin yẹn tọ́ sí i pátápátá ni Bernauer Straße.

Kó tó débẹ̀, ó ti kọ́ mi láti máa wo ilẹ̀. Ó ní kí n máa wá òkúta tí wọ́n tò ní ìlà méjì gba àárín títì kọjá. Ibi tí Ògiri wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó wọ abẹ́ mọ́tò tó dúró, ó gun ẹsẹ̀ ọ̀nà, ó sọdá oríta. Lẹ́yìn wákàtí kan, ojú mi ti ń bá a pàdé fúnra rẹ̀, táyà mi á dún gbọ̀ngbọ̀n lórí ẹ̀, màá mọ̀ pé mo ti sọdá. Ó tún ní kí n wo ojú irin tírámù, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín títì. Ìwọ̀-Oòrùn Berlin pa tírámù tirẹ̀ tì ní 1967, Ìlà-Oòrùn ò pa tirẹ̀ tì. Ibi tí o bá ti ń bá ojú irin náà pàdé lemọ́lemọ́ lónìí, bóyá ni kì í ṣe ìlà-oòrùn lo wà.

Ó tún tú èrò kan ká lórí mi. Mo ti ń rò pé Ògiri là ìlú sí méjì ni, bí ẹni fọ̀bẹ la àgbọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Odi ni, bí odi ìlú láyé àtijọ́, wọ́n mọ ọ́n yí Ìwọ̀-Oòrùn Berlin po, nǹkan bíi kìlómítà 155 ni gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó wà lóde odi ni wọ́n mọ ọ́n dè, kí wọ́n má bàa wọlé. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e yí ká lónìí, bíi kìlómítà 160, àwọn kan máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta fún un.

Ní Bernauer Straße, ilé wà ní ìlà-oòrùn, ẹsẹ̀ ọ̀nà tó wà níwájú ilé wà ní ìwọ̀-oòrùn. O jókòó sí pálọ̀ rẹ, ìlà-oòrùn lo wà. O yọ orí lójú fèrèsé, orí rẹ ti dé ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Ògiri ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1961, wọ́n di ẹnu ọ̀nà àwọn ilé wọ̀nyẹn pa. Ní ọjọ́ 22, Ida Siekmann ju ẹrù ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó bẹ́ tẹ̀ lé e. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó kú nídìí Ògiri. Ó kéré tán, àwọn 140 ló kú nídìí rẹ̀ kó tó wó ní 1989.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó há sáàárín odi iwájú àti odi ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀. Àwọn ìjọba ìlà-oòrùn fi ohun abúgbàù wó o ní 1985. Ní 2000, wọ́n kọ́ kékeré mìíràn sórí ìpìlẹ̀ ẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ! Amọ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀, tí wọ́n da fífọ́ bíríkì ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mọ́. Mo fọwọ́ kan ògiri náà, ó tutù, ó rí ṣákáṣàka, èérún bíríkì pupa ń yọjú lára ẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbé mi dé ilé ìyá ìyá mi. Amọ̀nà mi ò sọ nǹkan kan. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó lọ ń pọ́n atẹ́gùn sí táyà rẹ̀. Fóònù tí mo lò lọ́dún tó ṣáájú ì bá ti ní kí n yà sọ́wọ́ òsì.

Láti ibẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ gba Brunnenstraße. Ní iwájú nọ́ńbà 193, ó sọ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀. Òkúta kékeré kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fi idẹ bò lórí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú rẹ̀ pọ̀ nílùú náà, níwájú ilé tí ẹni tí ìjọba Násì ti Hitler pa gbé kẹ́yìn ni wọ́n ń rì í mọ́. Ó da omi díẹ̀ sórí ẹ̀ láti inú ìgò rẹ̀, ó fi etí ọwọ́ ẹ̀wù nù ún títí orúkọ fi yọ: Mahjub bin Adam Mohamed. Ọmọ Dar es Salaam ni, ó jagun fún Jámánì ní kékeré nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wá sí Berlin ní 1929, ó ń kọ́ wọn ní èdè Swahili, ó ń ṣeré nínú fíìmù wọn. Wọ́n mú un ní 1941, ó kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni Sachsenhausen ní 1944. Mélòó nínú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?

*

Oníbèéèrè ti padà wá, ó ní àkójọ ìbẹ̀rù tirẹ̀ nìyí. Màá dáhùn wọn wéré.

Òjò: aṣọ òjò lára, má ṣe mú agboòrùn. Òkúta ojú títì máa ń yọ̀ bí ilá nígbà òjò, ojú irin tírámù burú jù ú lọ.

Ojú irin náà: mo ṣubú lórí ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dá rìn. Mo ń wo fóònù tí mo so mọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, táyà iwájú wọ inú ihò ojú irin, ó sì há. Mo fi orúnkún gbálẹ̀. Bàbá arúgbó kan wá gbé mi dìde, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ò gbọ́ Jámánì. Ó na ìka rẹ̀ méjì, ó fi wọ́n ṣe àgbélébùú, ó tún fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mi orí. Ó yé mi. Dá ojú irin kọjá ní ìbú, má ṣe bá a rìn lọ.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́: ó sábà máa ń pupa lórí ẹsẹ̀ ọ̀nà. Nígbà tí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, tìrẹ ni. Nígbà tí o bá ń fẹsẹ̀ rìn, kúrò lórí ẹ̀, wọn ò ní dẹ ìrìn nítorí rẹ.

Akoto: òfin ò fi dandan lé e. Èmi máa ń dé e.

Ibi ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa, òkúta tó ju 2,700 lọ tó wà nítòsí Ẹnubodè Brandenburg: sọ̀ kalẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níta. Wọn ò gbà kí èèyàn gùn ún wọ àárín òkúta. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí amọ̀nà rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

*

Lórí bóyá kó jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá tàbí ìwọ nìkan, ibí ni mo ti yàtọ̀ sí gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ló dáa nítorí owó ẹ̀ kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹ́ méjìlá, ní gbogbo oríta, àwọn márùn-ún á ti sọdá, iná á pupa, àwọn méje á dúró. Amọ̀nà á máa ka orí bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú wákàtí mẹ́rin, ó lè tó ìdajì wákàtí tí ẹ fi ń dúró de ara yín. Ẹnìkan rán mi létí pé òfin Jámánì gbà kí àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tó ju 15 lọ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn sọdá pọ̀ bí iná tilẹ̀ pupa láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ìwọ lo fẹ́ tẹ̀ lé èèyàn mẹ́rìndínlógún tí wọn ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn?

Bí o bá lè rí àwọn méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ jọ pín owó amọ̀nà kan san, òun ló dáa jù. Ìyàwó rẹ á sì rí i pé kò wọ́n tó bó ṣe rò.

*

Ọjọ́ kejì tí o dá wà, kí fóònù náà wá ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lọ sí Wedding, ní apá àríwá, sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Afrikanisches Viertel. Togostraße wà níbẹ̀, Kameruner Straße wà níbẹ̀. Òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ Lüderitz tẹ́lẹ̀, gbàgede kan sì ń jẹ́ ti Nachtigal, àwọn tó bá Jámánì gba ilẹ̀ ní Áfíríkà. Ní 2022, wọ́n yọ orúkọ méjèèjì kúrò. Gbàgede di Manga-Bell-Platz, orúkọ ọba Duala tí àwọn Jámánì so kọ́ ní 1914. Òpópónà di Cornelius-Fredericks-Straße, orúkọ aṣáájú àwọn ẹ̀yà Nama tó kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Jámánì ní Namibia. Títì ibẹ̀ dákẹ́, igi bò ó lórí, o ò nílò amọ̀nà, ìwọ ṣáà máa ka orúkọ tó wà lára òpó.

*

Ìbéèrè ìkẹyìn rẹ: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ amọ̀nà gidi kí n tó sanwó? Kí ni kí n kọ ránṣẹ́ sí i?"

Má kọ púpọ̀. Bi í pé: "Ṣé ẹ máa ń dúró ní Wilhelmstraße 92, kí lẹ sì máa ń sọ níbẹ̀?" Bó bá fi àkójọ ibi tí fọ́tò ti ń dára ránṣẹ́ sí ọ, kí i, kí o wá ẹlòmíì. Bó bá dáhùn pé òun kì í sábà dúró níbẹ̀ ṣùgbọ́n òun lè dúró, tó sì bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi béèrè, bá a sọ̀rọ̀ sí i. Obìnrin tèmi, ìlà márùn-ún ló kọ padà, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn ni pé kí n mú omi dání, pé òun á lo díẹ̀ lára ẹ̀ fún òkúta kan.